Ọmọ Gáà Nílé-Ìwé Kétu: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ àti Òṣìṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Mọ̀

Nílùú Kétu nílẹ̀ Benin, bí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, a máa ń rí ọmọ gáà, ìyẹn ọmọ àwọn Fúlàní darandaran, lára àwọn tó wá forúkọ sílẹ̀. Bàbá á mú méjì wá, ìyá tó ń kiri wàrà á mú ọ̀kan wá, olùkọ́ á kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Tó bá fi máa di oṣù Kejì, tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sí ní kíláàsì mọ́. Ohun tí àwa ará ìlú sì máa ń sọ ni pé Fúlàní ò fẹ́ràn ìwé, màlúù ni wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a kì í tún un yẹ̀ wò mọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lè sọ bẹ́ẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Olùkọ́ kò lè sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn kò sì lè sọ ọ́, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí gan-an ni kí wọ́n mọ ìdí tí ọmọ fi kúrò.

Ọ̀rọ̀ àwọn Fúlàní ti gbóná sí i nílẹ̀ wa láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní 2018, ìjọba Benin ṣe òfin lórí ẹran dídà àti ibi tí ẹran lè gbà kọjá. Ní ìparí 2019, wọ́n fòfin de kíkó màlúù wọlé láti orílẹ̀-èdè mìíràn wá jẹko. Láti ìparí 2021 ni ìkọlù àwọn agbébọn sí àwọn ọmọ ogun wa ti ń le sí i ní àríwá, lápá Atacora àti Alibori, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń fojú afurasí wo Fúlàní èyíkéyìí tí wọ́n bá rí, títí kan ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ Kétu níbí, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà síbẹ̀. Mi ò fojú kékeré wo oko tí màlúù jẹ. Àgbẹ̀ tó jí láàárọ̀ tó bá ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rẹ̀ nílẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò, ẹ̀mí sì ti bọ́ nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tó gbé síléètì wá sí kíláàsì kò jẹ oko ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ni ibi àkọ́kọ́ tí òun àti ìjọba ti máa pàdé láìsí ìjà. Bí wọ́n bá ṣe gbà á níbẹ̀ ló ṣe máa mọ̀ bóyá ìlú yìí tirẹ̀ ni.

Àwa náà kéré níbòmíràn

Ìkànìyàn ọdún 2013 sọ pé èèyàn ilẹ̀ Benin lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 10. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn Fọ̀n àti àwọn tó bá wọn tan jẹ́ 38.4, Ajá jẹ́ 15.1, Yorùbá jẹ́ 12, Bàrìbá jẹ́ 9.6, Fúlàní jẹ́ 8.6. Ìyá tó ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá lọ sí Kútọnu mọ bó ṣe máa ń rí bí nọ́ọ̀sì bá ń fi Faransé tàbí Fọ̀n béèrè ọ̀rọ̀, tí òun ń wojú yíká bóyá ẹnì kan á bá òun túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa tó lọ sílé-ìwé láyé àwọn Faransé, àti àwọn kan tó lọ lẹ́yìn òmìnira 1960 pàápàá, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní signal: ohun kan tí wọ́n á so kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nílé-ìwé, tó máa wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tó ṣẹ̀ bíi tirẹ̀ kó gbé e fún un. Wọ́n fi nà wá, wọ́n fi dójú tì wá, nítorí Yorùbá.

Nílé wa níbí, ọwọ́ wa ni agbára wà. Yorùbá ni wọ́n fi ń nájà ní Kétu, òun ni wọ́n fi ń ṣèpàdé, òun ni olùkọ́ tó wá láti Agbómẹ̀ tàbí Lokossa máa ń gbìyànjú láti gbọ́ kó lè bá òbí sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba yan èdè mẹ́fà ní 1992 fún iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, àwọn èdè náà ni Ajá, Bàrìbá, Dẹ́ńdì, Ditamari, Fọ̀n àti Yorùbá. Yorùbá wọlé, Fulfulde tí àwọn Fúlàní ń sọ kò wọlé. Bẹ́ẹ̀, abala kọkànlá nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti máa sọ èdè wọn, láti máa kọ ọ́, kí wọ́n sì gbé àṣà wọn ga. Èyí ló mú kí n gbà pé àwa Yorùbá ilẹ̀ Benin ló yẹ kó tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa tó dùn wá, a mọ̀ ọ́n. Ohun tí a sì ń ṣe fún ẹni tó kéré sí wa lọ́dọ̀ tiwa, ojú wa kì í sábà tó o.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá

Àwọn tó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ìgbáyégbádùn àti iṣẹ́ olùkọ́ káàkiri ayé ti ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ẹ̀yà rẹ̀, èdè rẹ̀ àti ìṣe ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, tí iṣẹ́ náà á fi ṣe onítọ̀hún láǹfààní. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìmọ̀ àṣà ẹlòmíràn. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ohun tó sì fà á burú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1969 àti 1974 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, nǹkan bíi 25 sí 35 ni wọ́n ti gbà kúrò lọ́wọ́ ìdílé wọn, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fún àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn tọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbà wọ́n kò ka ara wọn sí ìkà. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rí i pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tàbí àǹtí ni ọmọ ń gbé, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òbí ti pa ọmọ tì. Ẹni mélòó nínú wa ní Kétu ni kò gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rí? Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wọ agboolé wa, ọmọ wo ló máa ṣẹ́kù?

Ní 1978, wọ́n ṣe òfin láti dá ìkómọlọ yẹn dúró, òfin náà sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹbí ọmọ àti ará ẹ̀yà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún àjèjì. Ní 1989, Terry Cross, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Seneca lára àwọn onílẹ̀ yẹn, àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ìwé kan tó di ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n to àwọn ilé iṣẹ́ sí ìpele ìpele: láti orí èyí tó ń pa àṣà ẹlòmíràn run, títí dé orí èyí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́. Ìpele tó wà láàárín ló kàn wá jù. Ibẹ̀ ni wọ́n fi àwọn tó ń sọ pé, «Gbogbo ọmọ ni mo rí bákan náà» sí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, olùkọ́ tó ń sọ ọ́ sì sábà máa ń jẹ́ ẹni rere. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí bákan náà túmọ̀ sí ní ilé-ìwé wa. Aago tí ilé-ìwé ń wọlé, àkókò tí ọmọ ìlú ti jí tó ti mu ẹ̀kọ ni. Ọmọkùnrin gáà ní láti kó àwọn ọmọ màlúù jáde kó tó kúrò nílé, ó sì ní láti rìn. Àpẹẹrẹ inú ìwé ìṣirò, ọjà àti mọ́tò ni. Èdè tí olùkọ́ fi ń la ọ̀rọ̀ yé ọmọ bí Faransé bá ṣòro, Yorùbá ni. Bí wọ́n bá wá fi ẹgba gba gbogbo apẹ́lẹ́yìn ní iye kan náà, ọmọ gáà ló máa jẹ ẹgba jù. Ilé-ìwé tó rí gbogbo ọmọ bákan náà ti rí gbogbo wọn bí ọmọ ìlú.

Gloria Ladson-Billings, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1995 pé àwọn olùkọ́ tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ń ṣe dáadáa lọ́wọ́ wọn ni àwọn tó ń fi ohun tí ọmọ mú wá láti ilé ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́, tí wọn ò sì dín ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ kù. Kí ni ọmọ gáà ń mú wá láti ilé? Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè wo agbo màlúù kó sọ fún ọ pé ọ̀kan kò sí níbẹ̀, kó sì sọ èyí tí kò sí, nípa àwọ̀ ara rẹ̀ àti bí ìwo rẹ̀ ṣe tẹ̀. Ó mọ koríko tó ń pa ẹran. Ìyá rẹ̀ ń wọn wàrà, ó ń ṣírò iye tí oníbàárà jẹ, ó sì ń rántí rẹ̀ láìkọ ọ́. Ìṣirò wà nínú gbogbo ìyẹn, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí náà wà níbẹ̀. Wọn kì í sábà bi ọmọ náà ní ìkankan nínú rẹ̀ ní kíláàsì.

Orúkọ àkọ́bí

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Centre Social bíi ti tẹ́lẹ̀. Ká ní obìnrin Fúlàní kan wá síbẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ kékeré tí ara rẹ̀ ò yá. Òṣìṣẹ́ gbé fọ́ọ̀mù jáde. Kí lorúkọ rẹ? Ó dáhùn. Kí lorúkọ ọkọ rẹ? Ó dákẹ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ mélòó lo bí? Mẹ́rin. Kí lorúkọ àkọ́kọ́? Ó tún dákẹ́, ó fa ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Òṣìṣẹ́ tún un bi í, ohùn rẹ̀ ti ń le. Obìnrin náà wo ilẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń rẹ́rìn-ín: kò mọ orúkọ ọmọ tó bí! Òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìyá kò fẹ́ dáhùn, tàbí, èyí tó burú jù, pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ má jẹ́ tirẹ̀.

Obìnrin náà mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Láàárín ọ̀pọ̀ Fúlàní, ìyàwó kì í dá orúkọ ọkọ rẹ̀, ìyá kì í sì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ó wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní pulaaku, ìwà tó yẹ ọmọlúàbí Fúlàní, nínú èyí tí ìtìjú àti ìkóra-ẹni-níjàánu wà, tí wọ́n ń pè ní semteende. Ìyá kì í gbé àkọ́bí rẹ̀ jó níwájú àwọn èèyàn, kì í ṣìkẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò fẹ́ràn ọmọ. Lójú tirẹ̀, ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ló ń fi hàn.

Àwa wo ló yẹ kí èyí ṣàjèjì sí? Ìyàwó ilé Yorùbá tó mọ ohun tó ń ṣe kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Á pe ọ̀kan ní Akọ́wé, á pe ọ̀kan ní Ìbàdíàrán, á pe ọ̀kan ní Baálé mi. Bí ẹnì kan bá ní kó dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ sókè lójú àna rẹ̀ gbogbo, òun náà á wo ilẹ̀. Ká kàn rántí tiwa nígbà tí a bá ń wo tẹlòmíràn, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ìdajì tó kù, ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ á béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó tẹ̀ lé e wá. Á ní, «Kí ni àwọn ará ilé ń pè é?» Á ní kó fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára hàn òun, kí òun ka orúkọ náà fúnra òun. Á mú un kúrò níwájú ìlà kó tó béèrè. Kò sí ohun tó náni lówó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹni tó kọ́ òṣìṣẹ́ náà, ibo ló ti máa gbọ́ ọ?

Nígbà tí àṣà bá di àwáwí

Ewu kan wà tó yẹ ká dúró lé lórí, torí ó ti pa ọmọ rí. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Victoria Climbié, ọmọ Côte d'Ivoire. Àǹtí bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ òbí rẹ̀, ó ní òun máa mú un lọ sílùú òyìnbó láti kàwé. Wọ́n dé Faransé, wọ́n sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1999. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọmọ náà kú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Wọ́n ka ọgbẹ́ àti àpá 128 lára rẹ̀. Obìnrin náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ti ń lù ú, wọ́n ń dè é mọ́ inú báàfù, àwọn ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn, ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn sì ti rí i léraléra kó tó kú.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú rẹ̀, tí Lord Laming darí, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2003, pẹ̀lú àbá 108. Nínú ohun tó hàn níbẹ̀, wọ́n ti rí i pé ọmọ náà máa ń dúró ṣánṣán bíi ṣọ́jà bí obìnrin náà bá wọlé. Òṣìṣẹ́ kan rò pé bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ẹ̀rù ni. Faransé ni ọmọ náà ń sọ, ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ ló sì máa ń sọ̀rọ̀ fún un.

Ọmọ tiwa ni. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí Victoria gbà kúrò nílé, ọ̀nà tí a mọ̀ ni: ẹbí ló wá gbà á, ìwé ló ní òun fẹ́ kó kà. Ọmọ àgbàtọ́ wà ní Kétu, ó wà ní Àjàṣẹ́, àwọn Ẹ̀gùn àti Fọ̀n ń pè é ní vidomègon, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì di èèyàn nípasẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn di ẹrú ilé. Òṣìṣẹ́ tó bá ka gbogbo ọmọ àgbàtọ́ sí ẹrú á tú ìdílé ká, èyí tó bá sì sọ pé àṣà wọn ni, ká fi wọ́n sílẹ̀, á pa ọmọ. Ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kó bá ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ní èdè ọmọ, láìsí alágbàtọ́ níbẹ̀, kó sì wo ọwọ́ ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó ń sùn, bóyá ó ń jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé.

Ní 1998, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García, sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ilé ìwòsàn. Wọ́n fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ: obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ń kérora lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà kan ní ó jọ pé ara ń ro ó gan-an, nọ́ọ̀sì ní rárá, òun ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀yà yẹn, wọ́n máa ń kérora kọjá bó ṣe ń ro wọ́n. Ìmọ̀ tó yẹ kó la ojú rẹ̀ ló dí i létí. Àwọn méjèèjì wá ní ohun tó yẹ òṣìṣẹ́ ni ìrẹ̀lẹ̀: kó máa béèrè, kó máa yẹ ara rẹ̀ wò, kó má rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Èmi fara mọ́ tiwọn. Ohun tí mo sọ nípa orúkọ àkọ́bí lókè yìí gan-an, kò ní rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo gáà, ìyá Fúlàní mìíràn á dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ fún ọ láìwo ẹ̀yìn.

Ohun tó ń pa ọmọ lára kò ní àṣà tó lè bò ó. Òfin ọmọdé ilẹ̀ Benin, ti oṣù Kejìlá 2015, dáàbò bo gbogbo ọmọ láìka ẹ̀yà sí, ìgbéyàwó kò sì bófin mu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, yálà ní gáà tàbí láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí bàbá kan dá ìgbéyàwó ọmọ ọdún 14 dúró máa kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ bàbá náà létí. Níbì kan nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti pa ìbejì rí. Lónìí, à ń kí ìyá ìbejì, à ń ta á lọ́rẹ. Àwa fúnra wa la yí i padà, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Ta ló ń túmọ̀?

Níbi tí mo ti rí i pé ìyà pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ògbufọ̀. Kò sí owó ògbufọ̀ nínú ètò ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, nítorí náà ẹni tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń pè. Nígbà mìíràn, oníṣòwò màlúù ni, ẹni tí bàbá ọmọ náà jẹ ní gbèsè. Nígbà mìíràn, àgbẹ̀ tó gbọ́ Fulfulde díẹ̀ ni, tí òun àti gáà yẹn sì ń ṣe ẹjọ́ oko lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti olùkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wá ń túmọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun fúnra rẹ̀, tàbí àìsàn ìkọ̀kọ̀ ìyá rẹ̀. Kò bójú mu. Àwọn ọ̀dọ́ Fúlàní tó ti kàwé wà báyìí, wọ́n lè má pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ọ́fíìsì tó bá gba ọ̀kan síṣẹ́, kódà fún ọjọ́ ọjà nìkan, á rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé ìbí. Kì í rọrùn fún ọmọ tí kò ní in láti jókòó ṣe CEP, ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ gáà ni kò sì ní in, torí ilé ni wọ́n bí wọn sí, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ jìnnà, bàbá sì wà lẹ́yìn ẹran. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ìwé. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú òbí láti CI, kíláàsì àkọ́kọ́, kí ọmọ tó dé CM2, kíláàsì ìkẹyìn, ti ṣe ju ohun tí wọ́n ń san fún un lọ.

Kì í ṣe Fúlàní nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè, àwọn tó wá dáko láti Atacora, àwọn Ditamari àti àwọn mìíràn, ń gbé ní abúlé oko tó jìnnà, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ọmọ wọn kì í sábà rí olùkọ́ tó gbọ́ èdè wọn. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà láàárín Kétu àti Pobè ń sọ Yorùbá bíi tiwa, ilà ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìkan ló yàtọ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ bí ẹ̀rín àwọn ará ìlú ṣe ń rí. Àwọn Faransé ní olórí kunkun ni wọ́n, torí àwọn Ọ̀họ̀rí gbógun ti àwọn Faransé ní 1914 nígbà tí àwọn Faransé fẹ́ kó wọn lọ sógun, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ wọn. Bí ọmọ Ọ̀họ̀rí bá pa ilé-ìwé jẹ nígbà òjò, kí wọ́n wo ilẹ̀ dúdú ọ̀hún kí wọ́n tó wo orí rẹ̀: ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń dí ọ̀nà pa.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ní New Zealand, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ Māori, ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń jẹ́ Irihapeti Ramsden, jà títí wọ́n fi gbà ní 1992 pé kí wọ́n máa kọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tó yàtọ̀ nínú tirẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ló máa sọ bóyá ìtọ́jú náà bójú mu, kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú. Bí a bá gbé ìyẹn wá sí Kétu, ó túmọ̀ sí pé ìyá tó wá láti gáà ló máa sọ bóyá ilé-ìwé gba ọmọ òun dáadáa. Ta ló ti lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìyẹn ló mú mi padà sórí oṣù Kejì, nígbà tí koríko bá gbẹ. Ní Nàìjíríà, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1989 fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran, wọ́n sì ń gbìyànjú láti mú àkókò ilé-ìwé bá ìrìn ẹran mu. Iṣẹ́ náà ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ọmọ tó ń tẹ̀ lé ẹran kò dẹ́ṣẹ̀. Níbí, ọ̀gá ilé-ìwé lè ṣe nǹkan kan láìdúró de Kútọnu. Lọ́jọ́ tí bàbá bá mú ọmọ wá ní oṣù Kẹsàn-án, kó bi í pé: ìgbà wo lẹ máa ń kó ẹran lọ, ibo lẹ máa ń lọ, ọmọ wo ló ń bá yín lọ, ta ló ń kù sílé? Àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ọkùnrin àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ló ń lọ, ìyá àti àwọn kékeré á wà ní gáà. Àwọn kékeré yẹn lè wà ní kíláàsì títí ọdún á fi parí, bí ẹnì kan bá ti bá ìyá wọn sọ ọ́ ṣáájú. Àwọn tó ń lọ, kí wọ́n fún wọn níwèé tí wọ́n máa fi hàn nílé-ìwé ibi tí wọ́n bá dé sí, kí wọ́n má tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti CI. Kí àyè wọn sì wà nílẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀, tí wọ́n bá padà dé.